Písì Kan, Pièce Kan

Ọ̀sẹ̀ kejì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé ni ìyá ọmọ náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí ìwé tí mo ń máàkì lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá gba ọmọ mi kúrò nínú Faransé ni." Ọmọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò, ó ń fi etí bàtà họ símẹ́ǹtì.

Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò sí ọdún tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ kì í yọjú. Ti èyí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí pé àǹfààní tí ọmọ náà rí nínú èdè yìí kò sí nínú gbogbo ohun tí mo tò kalẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí n tó kọ ọ́. Ìyá ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ òun, kí àwọn oníbàárà òun má lọ mọ iye tí òun ń rajà. Ìyá Aláǹkárá ni màá pè é nígbà náà. Ọmọ Aláǹkárá ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ń pè é ní kíláàsì, ìyẹn náà tó.

Iṣẹ́ oníròyìn lọ́mọ fẹ́ kọ́. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé láti kékeré ló ti ń dúró síwájú dígí, á wé gèlè ìyá rẹ̀, á gbá orógùn mú bíi makirofóònù, á máa ka ìròyìn. Máàkì JAMB ni kò gbé e débẹ̀. Nígbà tí orúkọ jáde, Faransé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ síwájú tirẹ̀, NCE ọlọ́dún mẹ́ta. Yàtọ̀ sí "bonjour", kò gbọ́ nǹkan kan rí nínú èdè náà.

Bàbá ọmọ ti kú. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí ìyá ní ní ọjà Erékèsán, ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń san owó ilé ní Òkè-Àró, òun náà ló ń bọ́ ìyá àgbà tó wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ má rò pé ìyá náà kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn.

"Ta ni yóò máa bá sọ ọ́ ní Àkúrẹ́?" Ohun tó bi mí nìyẹn. "Ṣé èmi ni? Ṣé àwọn aláta ni? Ọmọ tó kọ́ aṣọ rírán, á ránṣọ. Ọmọ tó kọ́ irun dídì, á dìrun. Èyí tó kọ́ Faransé ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tí mo máa ń tò. Mo ní gbogbo àwọn tó yí wa ká, Benin ní ìwọ̀-oòrùn, Niger ní àríwá, Chad àti Cameroon ní ìlà-oòrùn, kò sí èyí tí kì í fi Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo ní Ọ̀gágun Abacha ti kéde lọ́dún 1996 pé Nàìjíríà máa sọ Faransé di èdè ìjọba kejì, pé ọ̀rọ̀ náà sì wọ ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1998. Ìyá fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé wo ní Òkè-Àró ló ń wá olùkọ́ Faransé báyìí?"

Mo dákẹ́. Mo mọ̀ bí òfin náà ṣe dùn tó lórí ìwé, mo sì mọ àwọn ilé-ìwé tí mo ti wọ̀ tí ó jẹ́ pé olùkọ́ Ìṣirò ló ń di kíláàsì Faransé mú, tó ń kọ́ wọn ní "bonjour" àti "merci" láti January títí di July.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jókòó sí tábìlì kejì rò pé òun fẹ́ gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ, Kánádà ló máa gbà lọ." Kì í ṣe irọ́. Ètò ìwọ̀lú tí Kánádà ń pè ní Express Entry ń fi àádọ́ta máàkì kún ti ẹni tí Faransé rẹ̀ bá dé ìpele 7 nínú gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà sì dé ìpele 5. Àmọ́ ìpele 7 yẹn kì í ṣe ohun tí ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti "bonjour" á fò dé. Ìyá ò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí ẹlẹgbẹ́ mi. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ẹ ní kó máa lọ Kánádà?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ló jẹ́ kó fi ọmọ sílẹ̀ ní kíláàsì wa. Owó tó ti san ni kò fẹ́ kó ṣòfò. Mo ní kó jẹ́ kó ṣe ọdún kan, bí kò bá yé e, èmi fúnra mi ni màá bá a kọ lẹ́tà tí yóò fi yí kọ́ọ̀sì. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ọmọ tẹ̀ lé e jáde láì wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ohun tí mi ò retí ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí olúkúlùkù sọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ẹbí rẹ̀. Ọmọ Aláǹkárá dìde, ó ní, "Mon père, elle est mort." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, torí ó pe bàbá rẹ̀ lóbìnrin. Mo na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́, torí mo mọ̀ pé bàbá náà kú lóòótọ́. Ojú kò tì í, kò sì sunkún. Ìbéèrè ló bi mí, ní Yorùbá, nínú kíláàsì tí a ti fòfin de Yorùbá: "Mà, kí ló dé tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ nípa èèyàn? 'Ó' tiwa ò béèrè."

Mo fèsì láì ronú. Mo ní àwọn náà lè bi wá pé kí ló dé tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó dàgbà kí a tó mọ̀ bóyá "ó" la máa sọ ni tàbí "wọ́n", "ìwọ" ni tàbí "ẹ̀yin". Ẹnu mi ò tíì pa dé tán tí mo fi rí i bí ojú gbogbo wọn ṣe là. Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣàlàyé tu àti vous, "ìwọ" àti "ẹ̀yin" ti Faransé, Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ èdè tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Odindi wákàtí kan ni mo máa ń lò lé e lórí. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn lè gbá lẹ́nu bí wọ́n bá pe ẹ̀gbọ́n ní "ìwọ", àwọn ni mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé "ẹ̀yin" fún!

Kì í ṣe pé wọ́n bára mu délẹ̀ o. Ọjọ́ orí ni tiwa ń tẹ̀ lé jù, tiwọn ń wo bí èèyàn ṣe sún mọ́ra tó. Ọmọ Faransé máa ń pe bàbá tó bí i ní tu, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí. Nígbà tí mo sọ èyí, Ọmọ Aláǹkárá mi orí. "Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ bá mi fi vous sílẹ̀ fún bàbá mi." Mo fi sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ "r" dé. "R" Faransé ti inú ọ̀fun wá, ó sì máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Wọ́n á máa sọ "rue" bí ẹni ń pe "rù". Ọmọ yìí gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, kò bọ́ sí i. Ìgbà kẹrin, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ohùn ìyá àgbà mi mà lèyí!" Ìyá àgbà kì í pe ìlú wọn ní Ọ̀wọ̀ bí a ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀ghọ̀ ni wọ́n ń pè é. "Gh" yẹn, tí àwọn ọmọ ìgboro fi ń fi àwọn ará Ọ̀wọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tí "r" Faransé ti ń jáde ni òun náà ti ń jáde, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó pe "Paris" tó o ní kíláàsì, mo sì rí àwọn méjì mìíràn tí wọ́n ń fi ẹnu wá "gh" kiri lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú wọn ọmọ Ìjẹ̀bú.

A wá dé orí oǹkà. Ẹni tó bá ti kọ́ Faransé rí mọ̀ pé láti àádọ́rin lọ ni ọ̀nà ti máa ń wọ́. Àádọ́rin ni wọ́n ń pè ní ọgọ́ta-àti-mẹ́wàá, ọgọ́rin ni wọ́n ń pè ní ogún-mẹ́rin, quatre-vingts, àádọ́rùn-ún sì di ogún-mẹ́rin-àti-mẹ́wàá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé irú ìṣirò wo rèé. Mo bi wọ́n pé kí ni ọgọ́rin. Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn, ẹni méjì péré ló lè ka oǹkà Yorùbá kọjá ogójì.

Mo kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù: ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Ogún ni àwa náà fi ń ká a. Ibi tí a ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé bí Faransé bá fẹ́ sọ àádọ́rùn-ún, á dúró lórí ọgọ́rin, á fi mẹ́wàá kún un. Àwa á lọ dúró níwájú lórí ọgọ́rùn-ún, a ó yọ mẹ́wàá kúrò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ọmọ Aláǹkárá pe ìyá àgbà ní Ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun ní oǹkà. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà, ó sì ń bínú díẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́: káàdì ẹgbẹ̀rún kan ni ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ fi ka oǹkà dé igba.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ fún àwọn òbí pé èdè púpọ̀ ń dáàbò bo ọpọlọ. Ó ní ibi tó ti rí i: ní 2007, Ellen Bialystok àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto yẹ fáìlì aláìsàn 184 tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe wò, wọ́n sì rí i pé lára àwọn tó ń sọ èdè méjì, ó pẹ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin ju ti àwọn yòókù lọ kí àmì àrùn náà tó yọ. Àwọn mìíràn tún yẹ irú rẹ̀ wò lẹ́yìn wọn, kì í ṣe gbogbo wọn ló bá a bẹ́ẹ̀. Èmi kì í fi polówó. Ọmọ wo ní Àkúrẹ́ ni kò tíì máa sọ èdè méjì láti jẹ́léósinmi? Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti ọjọ́ tó ti dáyé, ìgbà tó kọ́ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Yorùbá.

Ọdún kejì, wọ́n kó wọn lọ sí Abúlé Èdè Faransé ní Àjàrà, ní Àgbádárìgì. Láti 1991 ni ibẹ̀ ti wà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ́ Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kárí Nàìjíríà ti máa ń lọ gbé inú èdè náà, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sì sùn lé e. Mi ò lè sọ púpọ̀ nípa oṣù tó lò níbẹ̀, mi ò sí níbẹ̀. Ó kàn fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Ìyá oníbúrẹ́dì kan níbẹ̀ gbọ́ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ Yorùbá, ó sì dá wọn lóhùn ní Yorùbá. Ìyá náà gbọ́ Faransé dáadáa, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó ní ará Ìsàkété lòun. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí kọ sí mi ni: "Madame, c'est nous." Àwa náà ni.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún tí wọ́n fa ìlà sáàárín Èkó àti Àjàṣẹ́, tí Kétu, Pọ́bẹ̀, Ìsàkété àti Sábẹ̀ẹ́ fi bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. A máa ń pe Faransé ní èdè ọ̀nà jíjìn, a ò rántí pé àbúrò ìyá ẹlòmíràn ló ń fi na ọjà ní Pọ́bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló kàn.

Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Aláǹkárá ti ń ra wax, ìyẹn àǹkárá, lọ́wọ́ ìyá kan ní Kútọnu. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Bàbá kan, ará Pọ́bẹ̀, ló wà láàárín wọn, tó ń gbọ́ tibí gbọ́ tọ̀hún, tó sì ń gba owó ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà dàgbà tí kò lè rìn mọ́, ó padà sílé, ọmọkùnrin kan tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ló kù tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ògù, tí a ń pè ní Ègùn, ni ọmọkùnrin yìí, Yorùbá rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń dáhùn oníbàárà lọ.

Ní àkókò ìsinmi, lẹ́yìn tí ọmọ ti dé láti Àgbádárìgì, mo lọ sí Erékèsán lọ ra aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá. Ó ti san owó àádọ́ta písì, 475,000 CFA, ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá, wọn ò sì kó ẹrù lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Ó pe ọmọkùnrin náà, ohun kan náà ló ń wí: "Ó ku ìdajì. Ó ku ìdajì, Màmá." Ìdajì kí ni? Ó ní wọ́n fẹ́ jẹ òun mọ́lẹ̀ torí bàbá Pọ́bẹ̀ ti lọ. Ó ti bá ìyálọ́jà àwọn aláṣọ sọ̀rọ̀, ó ti pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà, wọ́n fẹ́ gbéra lọ sí Kútọnu ní ìdájí ọjọ́ kejì.

"Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ, Àǹtí Tísà! 79,000 fún písì kan!" Ó na fóònù sí mi. Fọ́tò rìsíìtì ló wà lójú rẹ̀, bírò búlúù, ìwé tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin. Àtàǹpàkò ẹni tó ya fọ́tò náà bo ìlà kan pátápátá. Lókè, ó kọ "50 p. wax à 19 000". Nísàlẹ̀, "Avance 475 000", owó tí a ti san, lẹ́yìn náà "Reste 475 000", èyí tó kù.

Mo fẹ́ dáhùn, ọmọ ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà. "Màmi, ẹ wò ó. Èyí kì í ṣe méje. Oókan tiwọn nìyẹn, wọ́n máa ń fà á lórí sókè báyìí." Ó sún un lọ sí ibi tí nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù wà. "Méje tiwọn nìyí, ẹ wò ó, ìyẹn sán ìgbànú." Lóòótọ́, ìlà kékeré kan gba ìbàdí méje náà kọjá. Ìyá wò ó, ó ya ẹnu, kò sọ nǹkan kan.

"Màmi, yáàdì mélòó ló wà nínú písì yín?"

"Mẹ́fà náà ni. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí kọ́ lo dàgbà sí ni?"

Ọmọ jókòó sórí àpótí. Ó ń ṣírò lábẹ́ ètè, mi ò mọ̀ bóyá Yorùbá ló fi ń ṣe é ni àbí Faransé. Ó wá dìde, ó pe Kútọnu.

Ìyá ọ̀hún gbé e, ariwo ló sì fi gbé e. Òun náà ti bínú, ẹrù ẹlẹ́rù ti gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ ò dáhùn ariwo náà. Ó kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó kúnlẹ̀ níwájú fóònù, ó ní, "Bonjour maman. Et la santé ? Et les enfants ?" Wọ́n ki ara wọn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Kò sí ìwé kankan tí mo fi kọ́ wọn tí kíkí náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ohùn ìyá náà rọlẹ̀ díẹ̀ ló tó béèrè pé ní ọ̀dọ̀ wọn, yáàdì mélòó ni pièce kan.

"Douze !" Méjìlá.

"Et la demi-pièce ?" Ìdajì pièce ńkọ́?

Ìdáhùn jáde wẹ́rẹ́. Ọmọ wò mí, mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ bóyá six, mẹ́fà, ló gbọ́ tàbí dix, mẹ́wàá. Mi ò ṣẹ́jú sí i. Ó bẹ ìyá náà pé kó jọ̀ọ́ kà á fún òun. Ẹ̀rín pa ìyá ọ̀hún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: "Un, deux, trois, quatre, cinq, six." Ibẹ̀ ni ìjà náà ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì yanjú nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìyá Àkúrẹ́ bá ní "písì", yáàdì mẹ́fà ló ní lọ́kàn. Nígbà tí ìyá Kútọnu bá gbọ́ "pièce", yáàdì méjìlá ló gbọ́. Owó tí ìyá tibí san, ó pé fún àádọ́ta yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà ní 9,500 CFA ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú ìyá tọ̀hún, ìdajì owó àádọ́ta yáàdì méjìlá-méjìlá ni, 950,000 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn sì ni ìlà tí àtàǹpàkò bò. Kò sẹ́ni tó purọ́, kò sẹ́ni tó jalè. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni bàbá Pọ́bẹ̀ fi ń gba písì kan lọ́wọ́ ẹni kan, tó ń sọ ọ́ di demi-pièce lójú ọ̀nà, tó sì ń fà á lé ẹnì kejì lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀. Ìyá Aláǹkárá máa ń kùn sí owó tó ń gbà.

Ọmọ ṣàlàyé fún ìyá Kútọnu. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná, ó ní, "Ma mère, il ne savait pas." Ó ti sọ ìyá rẹ̀ di ọkùnrin! Ọwọ́ mi tó ń máàkì fẹ́ dìde, mo fi sábẹ́ aṣọ. Ìyá ọ̀hún kò tilẹ̀ kọbi ara sí i.

Wọ́n tún na ọjà náà fún bí ogún ìṣẹ́jú, torí àwọn àwọ̀ kan wà tí ìyá tọ̀hún kò fẹ́ gé sí méjì. Níkẹyìn, ó gé mẹ́rìnlélógójì, ó fi pièce mẹ́ta odindi kún un, kò sì gba kọ́bọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹrù dé. Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Lálẹ́ ọjọ́ tó pe fóònù yẹn, mo bi ọmọ náà pé níbo ló ti kọ́ "avance" àti "reste", torí mo mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ó ní lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì Àjàṣẹ́ ni, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí o. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọmọ aláṣọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ oúnjẹ nílé oúnjẹ ní Paris, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà sí Tour Eiffel, mi ò sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lórí rìsíìtì. Mo ti tún àwọn ẹ̀kọ́ mi kan kọ láti ìgbà náà. Mo ní kí olúkúlùkù mú rìsíìtì wá láti ilé, ti kòkó, ti símẹ́ǹtì, ti oògùn, a ń sọ ọ́ di Faransé.

Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí tan ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà ò tíì ríṣẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ni. Mo mọ àwọn tí mo kọ́ tí Faransé wọn dára ju tirẹ̀ lọ, tí wọ́n ń ta dátà lónìí, tí Faransé náà ń pòórá lẹ́nu wọn. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé tirẹ̀ rí ibi so mọ́. Èdè òkèèrè láìsí ọjà, láìsí iṣẹ́ ọwọ́, láìsí ìmọ̀ mìíràn tí yóò gbé e rìn, mi ò lè fi ọkàn kan sọ fún òbí pé kó náwó sí i. Nítorí náà, bí ìyá kan bá tún wọ ọ́fíìsì mi wá gba ọmọ rẹ̀, mi ò mẹ́nu ba Abacha mọ́. Mo kọ́kọ́ máa ń béèrè pé kí ni wọ́n ń tà nílé, èdè wo ni ìyá àgbà ń sọ.

Ó ṣe ìdánwò Faransé tí wọ́n ń pè ní DELF, ìpele B1. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo máàkì rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin tó gba máàkì márùndínlọ́gbọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba àádọ́ta, tí ọ̀nà kankan ò sì wálẹ̀ ju márùn-ún lọ, ti yege. Ó gba mọ́kànlélọ́gọ́ta. Sísọ ló gbé e, kíkọ ló fà á sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ pé òun ìbá fẹ́ kó jẹ́ oníròyìn, ọmọ sì dá a lóhùn pé oníròyìn tó gbọ́ Faransé ò ní wọ́n. Wọ́n ń jà á lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ san owó aṣọ tí mo tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀, 18,000 náírà. 13,500 ni mo ní lọ́wọ́. Ìyá Aláǹkárá ò bínú. Ó fa ìwé ńlá kan yọ lábẹ́ àpótí, ọmọ ti fi rúlà fa ìlà gbọọrọ sí i, ó kọ orúkọ sí òkè ọ̀kọ̀ọ̀kan: Orúkọ, Avance, Reste. Ìyá fi ìka tọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ títí tó fi dé ibi tó ṣófo, ó la ẹnu bírò, ó kọ tèmi síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi ìgbànú sán nǹkan kan tí kì í ṣe méje, ó tún un pa rẹ́.

"4,500 ni rẹ́sìtì yín, Àǹtí Tísà. Ọjọ́ wo ni kí n máa retí yín?"